Ọkọ̀ ìgbòkun tí kò ní ẹ́ńjìnnì, èmi nìkan, láti Plymouth dé Azores: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ayétòrò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra Folkboat (irú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan) àtijọ́ kan níbí ní Devon, oní-fáíbà, ẹsẹ̀ bàtà 25. Ẹni tó tà á fún mi ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù tipẹ́, kò sì wù mí láti fi òmíràn síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n tù ú láti Plymouth lọ sí Terceira ní erékùṣù Azores, ti àwọn Potogí láàárín Atlantic, ní sọ́mà tó ń bọ̀, èmi nìkan. Nǹkan bí 1,200 máìlì òkun ni. Mo ti ń gbé e lọ sí Fowey, mo sì ti gbé e dé Falmouth, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ilẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, àwọn bàbá wa máa ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ apẹja, afẹ́fẹ́ ò ṣàjèjì sí mi. Agbami ni mi ò tíì wọ̀ rí. Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe lára ọkọ̀? Báwo lẹni tó dá wà ṣe ń sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Jagunlabí
A ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: kí ló dé tí ẹ ò kàn ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan kí ẹ gbé e kọ́ ìdí ọkọ̀? Ṣé ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́ ni?

Atukọ̀_Falmouth
@Jagunlabí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ dára nínú odò àti lórí ọ̀sà. Lójú òkun, bí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, pùròpẹ́là á máa yí lásán nínú afẹ́fẹ́. Bó bá tún wálẹ̀, omi á bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Pẹ́tírólù tí Folkboat lè kó ò sì tó nǹkan kan nínú 1,200 máìlì.

@Ọmọ_Ayétòrò, ẹ kú ìmúra. Àìní ẹ́ńjìnnì ò fi bẹ́ẹ̀ mú agbami le. Etí ilẹ̀ ló ń mú le. Ọjọ́ tí ẹ máa jáde àti ọjọ́ tí ẹ máa wọlé lẹ máa mọ̀ pé ẹ ò ní in. Láàárín méjèèjì, ẹ lè gbàgbé pé nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ déètì kúrò nínú ètò yín. Ẹ má bá ìyàwó, ọ̀gá ibi iṣẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ kankan dá ọjọ́ tí ẹ máa dé. Ẹni tó dá ọjọ́ ló ń jáde nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú lójú, òun náà ló ń fẹ́ já wọ èbúté tí kò mọ̀ lóru.

Ọjọ́ ìjáde: ẹ dúró de atẹ́gùn tó ń ti àríwá tàbí ìlà oòrùn wá, kó sì jẹ́ èyí tó máa tọ́jọ́. Ẹ jáde bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá yọ ní kíkún, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà ní Plymouth sún mọ́ mítà 5, wákàtí kẹta àti ìkẹrin lomi sì ń sáré jù. Ẹ fi ìyẹn sẹ́yìn yín, ẹ má fi síwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ tí omi ń gbé yín lọ síbi àpáta, ìdákọ̀ró ni búréèkì yín. Kó wà lórí dẹ́ẹ̀kì, kí ẹ ti to ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má kó o pamọ́ títí ilẹ̀ á fi pòórá lẹ́yìn yín, kí ẹ sì tún kó o jáde kí ilẹ̀ kejì tó yọ.

Ẹ wá àjẹ̀ gígùn kan fún ìdí ọkọ̀, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń lò tí wọ́n ń pè ní yuloh. Èèyàn á dúró, á máa fà á á sì máa tì í, ẹnu rẹ̀ kì í jáde nínú omi. Folkboat tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 á máa rin máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ní wákàtí kan bí omi bá dákẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lù yín, ẹ má da ara yín láàmú, ibi kan náà lẹ máa wà.

Bí ẹ bá ti jáde, ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn tì yín sínú Bay of Biscay, ẹ sì jìnnà sí Ushant, erékùṣù kan létí ilẹ̀ Faransé, nítorí ọ̀nà tí òfin là fún ọkọ̀ ńlá níbẹ̀. Iwájú síi, ilẹ̀ abẹ́ òkun máa já lójijì, omi á kúrò ní nǹkan bí 200 mítà bọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà. Nígbà ìjì, ìgbì ibẹ̀ máa ń dìde ga, á sì súnmọ́ ara wọn. Ẹ bá ojú ọjọ́ tó dáa sọdá rẹ̀.

Ọjọ́ ìwọlé: Terceira ga, lẹ́yìn òkè bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lè kú pátápátá, kó sì tún já lulẹ̀ lù yín láìròtì. Praia da Vitória wà ní apá ìlà oòrùn, ògiri òkúta gígùn ló dáàbò bò ó, inú rẹ̀ fẹ̀, ẹ lè fi ìgbòkun wọ ibẹ̀ kí ẹ sọ ìdákọ̀ró, kí ẹ wá fi rédíò VHF pe àwọn ará máàrínà (ibùdó ọkọ̀ kékeré) bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fà yín wọlé. Bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ dé, ẹ dá ọkọ̀ dúró sójú òkun: ẹ fa ìgbòkun iwájú sódì, ẹ so ìtọ́kọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ̀ á máa mì jẹ́jẹ́. Ẹ jẹun. Kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Káfíńtà_Ọkọ̀
Mo kí gbogbo ilé. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Essex ni mo ti ń jẹun, torí náà ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ ni tèmi.

Ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ka gbogbo ihò tó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi dé lára ọkọ̀. Ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì fi tirẹ̀ sílẹ̀: ti ọ̀pá pùròpẹ́là, ti omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, bóyá ti èéfín náà. Báwo ló ṣe dí wọn? Mo ti rí èyí tí wọ́n fi pákó àti sìlíkóònù dí, tí wọ́n kun ọ̀dà lé lórí, tó wá ń dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Dídí tó dáa ni pé kí ẹ fi gíráíńdà ha etí ihò náà kó dagun, kí dídagun rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po 12 ìnípọn ara ọkọ̀. Bí ara ọkọ̀ bá nípọn mìlímítà 8, ẹ ó ha á tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 yí ká. Kí ẹ wá tẹ́ fáíbà pẹ̀lú epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le) lé e ní ìpele-ìpele, láti inú àti láti ìta.

Fáàfù tó kù, ti síǹkì, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe bronze, idẹ lásán ni, omi iyọ̀ sì máa ń fa zinc inú idẹ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀. Bó bá yọ àwọ̀ ìyeyè tó ń dán, ó ṣì lágbára. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bàbà jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ ló kù, hámà kékeré lè là á sí méjì. Ẹ so èèkàn igi rírọ̀ kan tó ní ṣóńṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ lè tó o nínú òkùnkùn.

Wáyà tó di òpó mú ló kàn. Ẹ mú òwú ìfọgbẹ́, ẹ fi fa wáyà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá ti kọ́ òwú, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀. Orí wáyà, níbi tó ti wọnú irin tí ẹ̀rọ fún mọ́ ọn, ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín lára irin náà, tàbí omi pupa ìdógùn-ún tó ń ti inú rẹ̀ ṣàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí wáyà yín, ẹ kà á sí ògbólógbòó. Ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò fi ṣe gbèdéke. Èmi fẹ́ràn orí wáyà tí wọ́n ń fi sípánà dè, torí ẹni tó wà láàárín agbami lè tú u, kó gé wáyà tuntun, kó dè é padà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé wáyà kan tó gùn tó èyí tó gùn jù lára ọkọ̀ dání, okùn Dyneema (okùn oníke tó lágbára gan-an) díẹ̀, àti ayùn onírin.

Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wáyà so mọ́, tó gba inú dẹ́ẹ̀kì kọjá: ẹ yọ ọ̀kan, ó kéré tán. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ láìyọ ọ́. Sítéńlẹ̀ẹ̀sì ò lè dáàbò bo ara rẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Níbi tó há sínú dẹ́ẹ̀kì, tí omi iyọ̀ dúró sí tí atẹ́gùn ò dé, ó ń jẹra lọ níbẹ̀ nígbà tí apá tí ẹ ń rí ṣì ń kọ mọ̀nà.

Pákó tí ẹ fi ń ti ẹnu ọ̀nà yàrá ọkọ̀, ẹ wá nǹkan fi há a kó má lè ṣí bọ́, kẹ́ ẹ sì lè há a láti inú àti láti ìta. Nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet ti 1979, èèyàn 15 ló kú lára àwọn tó ń díje, ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì sọ̀rọ̀ gidi lórí pákó ẹnu ọ̀nà tó ń bọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Ìjì yẹn náà ló mú kí Donald Jordan, ẹnjinníà ará Amẹ́ríkà, ṣe drogue (ohun tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn láti dín eré rẹ̀ kù) tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: okùn gígùn kan tí wọ́n rán àpò kéékèèké oníṣóńṣó mọ́, nǹkan bí 100 fún ọkọ̀ tí kò ju tiyín lọ, pẹ̀lú ìwúwo kan nípẹ̀kun. Bí ìgbì bá ti ń fọ́ lé yín lórí, ẹ sọ ọ́ sẹ́yìn, ẹ ti ẹnu ọ̀nà, ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ẹ lè rán an fúnra yín nígbà òtútù.

Ọmọ_Ayétòrò
Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí wáyà yẹn mọ́. Ìbéèrè kan: windvane (ẹ̀rọ tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ tọ́ ọkọ̀) wà lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Ṣé kí n kúkú ra èyí tó ń fi iná mànàmáná tọ́ ọkọ̀?

Atukọ̀_Falmouth
Rárá o. Ẹ tún windvane ṣe. Èyí tó ń lo iná máa ń mu bátìrì yín gbẹ ní òru, omi iyọ̀ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Windvane ò jẹ, kò mu. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i ni òun náà ń lágbára sí i. Blondie Hasler, atukọ̀ ará Britain, fi Folkboat tó ń jẹ́ Jester, tó fi windvane tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sí lára, sọdá Atlantic ní 1960 nínú ọjọ́ 48, ó sì sọ fáyé pé wákàtí díẹ̀ péré lòun fi di ìtọ́kọ̀ mú. Orúkọ ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe Jester Challenge tí àwọn ọkọ̀ kékeré máa ń bá jáde láti Plymouth. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó fẹ́ràn irú nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fún un lójú tó péye ṣá. Nínú ìdíje Golden Globe, ti àwọn tó ń dá nìkan tukọ̀ yí ayé po, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ẹni tó wà níwájú ní láti ya Chile nítorí windvane rẹ̀ tó ṣẹ́. Ẹ mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dání fún abẹ̀bẹ̀ òkè, okùn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àti búṣì tó máa ń jẹ. Bóun bá sì kọ̀ pátápátá, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn ìgbòkun iwájú mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kí ẹ fi rọ́bà fà á láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ dán an wò nínú Plymouth Sound títí yóò fi mọ́ yín lára. Wákàtí kan tẹ́ ẹ fi ń wá ìwọ̀n rọ́bà lójú odò sàn ju wákàtí mẹ́wàá nínú òjò.

Aránṣọ_Cardiff
Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń rán, àwọn onígbòkun àdúgbò wa náà máa ń gbé tiwọn wá fún mi, torí náà ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Òwú ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ pa lára ìgbòkun, aṣọ ló ń kẹ́yìn, nítorí òwú ló yọ síta. Ẹ tẹ́ ìgbòkun sílẹ̀, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kọ́ ìrán kan níbi ojúpọ̀, ẹ fà á. Bó bá já láìjanpata, gbogbo ojúpọ̀ ìgbòkun yẹn ni kí ẹ rán lọ́tun, ìlà mẹ́ta lórí ojúpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ̀ tí kò já, ẹ lọ síbi tó ń kan wáyà, ẹ dán an wò níbẹ̀ náà.

Ohun tí ẹ máa gbé dání: awọ tí wọ́n ń wọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, abẹ́rẹ́ onígun mẹ́ta oríṣiríṣi (wọ́n ń dógùn-ún, ẹ fi òróró pa wọ́n lára, kí ẹ dé wọn sínú ìgò), òwú polyester tí wọ́n ti fi ìda pa, àti aṣọ ìgbòkun tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù ò ní mú lára aṣọ tó ní iyọ̀. Ẹ fi omi tó dùn fọ ojú ibẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ fi sípírítì nù ún kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣì tún rán an lé e.

Fífi ara ra nǹkan ló ń ba ìgbòkun àti okùn jẹ́ ju ìjì lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, ìgbòkun ńlá á máa fi ara ra wáyà tọ̀sán-tòru. Ẹ rán àlẹ̀mọ́ sí ojú ibi tó ń kàn án kí ẹ tó jáde. Okùn tó gbé ìgbòkun sókè náà ń jẹ níbi kan ṣoṣo lórí àgbá òkè òpó. Láràárọ̀, ẹ tú u sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fà á ní ìwọ̀n ìka méjì, kó má jẹ́ ibì kan náà ló ń jẹ ìyà.

Nọ́ọ̀sì_Tóbi
Ẹ jẹ́ n fi ti ìlera kún un díẹ̀. Vito Dumas, ará Argentina tó fi ọkọ̀ Lehg II tí kò ní ẹ́ńjìnnì yí ayé po ní gúúsù ní 1942 sí 1943, ọwọ́ rẹ̀ kẹ̀ lójú agbami débi pé ó ń rò ó láti gé e. Ọgbẹ́ kékeré ni. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn apakòkòrò tẹ́ ẹ lè mú dání, ẹ máa fi omi tó dùn fọ ọwọ́ lálaalẹ́, ẹ sì máa yẹ egbò wò.

Bàbá_Ọkọ̀_Ńlá
Ọmọ mi, o kú ìmúra. Orí ọkọ̀ ẹrù ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń rí láti òkè fún ọ. A kì í rí ọ. Rédà ò fi bẹ́ẹ̀ rí fáíbà láàárín ìgbì, nígbà òjò ló tún burú jù. Iná orí òpó ọkọ̀ kékeré, bí a bá rí i ní máìlì 2, ojú wa mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, AIS (ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ fi ń sọ ibi tí wọ́n wà fún ara wọn lórí rédíò) tó ń sọ̀rọ̀ ni kó o rà, má ra èyí tó ń gbọ́ nìkan. Fi agogo rẹ̀ sí ibi tó máa jí ọ.

Lórí oorun: ọkọ̀ tó ń sáré nọ́ọ̀tì 20 (máìlì òkun 20 ní wákàtí kan) á rin máìlì 6 ó lé láàárín ìṣẹ́jú 20. Láti ibi tó o jókòó sí, ìwọ̀n ibi tó o ti lè ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn, bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn adánìkan-tukọ̀ fi ń yí agogo sí ìṣẹ́jú 20. Òfin òkun ti 1972, ẹsẹ karùn-ún, ní kí gbogbo ọkọ̀ máa ṣọ́nà nígbà gbogbo; ẹni tó dá wà tó sì ń sùn ń rú òfin yẹn, kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó lọ.

Nọ́ọ̀sì_Tóbi
Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Ẹni tó ń sùn ìṣẹ́jú 20 lé ìṣẹ́jú 20 fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí rẹ̀ ò ní pé mọ́. Á máa gbọ́ ohùn, á máa rí èèyàn. Joshua Slocum, tó kọ́kọ́ dá nìkan yí ayé po, ní 1895 sí 1898, rí i nítòsí Azores yìí gan-an: ó jẹ wàràkàṣì pẹ̀lú èso púlọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un ní Faial, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ló bá rí ọkùnrin kan tó di ìtọ́kọ̀ mú, tó ní awakọ̀ Pinta lòun, ọkọ̀ Columbus. Tirẹ̀ jẹ́ àìsàn ni o, ṣùgbọ́n àìsùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi á ní: níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń rìn, ìṣẹ́jú 20 tàbí kẹ́ ẹ má sùn rárá, bí ẹ bá ti kúrò lọ́nà wọn, kí AIS wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sun wákàtí kan ààbọ̀ ní ọ̀sán, lẹ́ẹ̀mejì bó bá ṣeé ṣe. Ojúmọmọ ni wọ́n ti ń rí yín jù.

Bàbá_Ọkọ̀_Ńlá
Mo gbà fún ọ lórí ti ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì. Lórí wákàtí kan ààbọ̀, mi ò tíì gbà.

Atukọ̀_Falmouth
Èmi ń ṣe bíi ti Nọ́ọ̀sì. Ẹ so ara yín mọ́ ọkọ̀ ṣá. Okùn ìgbanú kúkúrú tí kò ju mítà kan lọ, kí okùn tí ẹ máa kọ́ ọ mọ́ gba àárín dẹ́ẹ̀kì, kó má gba etí. Ẹni tó bá já sómi nígbà tí windvane ń tọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ò ní dúró dè é. EPIRB náà, ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì ké sí àwọn olùgbàlà, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ní UK.

Sólà_Sólà
Iná: sólà wáàtì 50 tó fún iná LED orí òpó, AIS àti GPS, bí oòrùn bá ń ràn. Bí kùrukùru bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tẹ́ ẹ máa pa. Ẹ má pa AIS. GPS ọlọ́wọ́ méjì pẹ̀lú bátìrì sísọnù, máàpù bébà, ó parí.

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù_Peckham
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ! Gàrí Ìjẹ̀bú ni kí ẹ kó. Kò nílò gáàsì, omi tútù tó, ó sì ń wú nínú. Ẹ̀pà, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, ata gígún. Èlùbọ́ kọ́, ta ló máa dúró rokà níbi tí iná ń mì? Ẹ dì í sínú ìgò oníke tó ní ìdérí tó le, ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan nínú ìgò kan, kí omi má bàa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Atukọ̀_Falmouth
Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣírò omi gàrí náà mọ́ ọn o. Bí ẹ bá ń rin máìlì 70 lóòjọ́, ọjọ́ 17 tàbí 18 ni, ṣùgbọ́n ẹ kó omi ìlọ́po méjì rẹ̀, torí sọ́mà ni afẹ́fẹ́ máa ń kú tẹ́ẹ́rẹ́ lágbègbè Azores, ẹ ò sì ní ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ máa fi jáde níbẹ̀. Lítà 3 lóòjọ́ fún ọjọ́ 35 jẹ́ lítà 105. Inú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 10 ni kó wà, kì í ṣe inú táǹkì kan ṣoṣo, kí ẹ tò wọ́n sí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀. Ó wúwo, ó sì wà nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kí ìwúwo wà gan-an nìyẹn.

Abẹ́ ọkọ̀ náà: ẹ kun ọ̀dà tó ń lé nǹkan abẹ̀mí ní oṣù tẹ́ ẹ máa jáde, kì í ṣe ọdún tó kọjá. Àwọn abìkarahun kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ láàárín agbami, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́. Nínú Golden Globe tí mo mẹ́nu bà lókè, wọ́n mú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ falẹ̀. Kirsten Neuschäfer, obìnrin ará South Africa tó gba ipò kìíní ní 2023, bọ́ sínú òkun lọ ha tirẹ̀ kúrò.

Ẹni_Èkó
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ṣé èèyàn lè gbé irú ọkọ̀ yìí wá sílé, sí Èkó?

Bàbá_Ọkọ̀_Ńlá
Wíwá rọrùn ju pípadà lọ. Ní etíkun Guinea, omi òkun ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn, atẹ́gùn gúúsù-ìwọ̀ oòrùn sì ń tì ọ́ bọ̀ nílé. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ padà, àwọn méjèèjì á dojú kọ ọ́. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun tó ń ná Èkó sí Bàhíà láyé àwọn Àgùdà mọ èyí: bí wọ́n bá kúrò ní Èkó, gúúsù ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ, títí dé ẹ̀bá àárín gbùngbùn ayé, kí wọ́n tó rí atẹ́gùn gúúsù-ìlà oòrùn tó máa gbé wọn lọ sí Brazil. Kí wọ́n tó kọ́ móòlù (ògiri òkúta) sẹ́nu ọ̀sà, ìta lọkọ̀ ńlá ń dúró sí nítorí iyanrìn. Lónìí ọkọ̀ ẹrù ń wọlé ń jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò sáyè tí ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì lè fi máa retí afẹ́fẹ́, ká má tíì sọ ti ajalèlókun. Bó bá jẹ́ ìgbòkun lo fẹ́ kọ́, Lagos Yacht Club ti wà láti 1932. Inú ọ̀sà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Jagunlabí
Ẹ dákun, ṣé èèyàn dúdú kankan ti ṣe irú èyí rí àbí ọmọ Ayétòrò ló máa ṣíwájú?

Atukọ̀_Falmouth
Wọ́n ti ṣe é. Teddy Seymour, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, parí yíyí ayé po ní òun nìkan ní 1987. Bill Pinkney gba gúúsù, ó yí Cape Horn, ìpẹ̀kun gúúsù South America, ó sì padà dé Boston ní 1992.

Ọmọ_Ayétòrò
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sínú ọkọ̀ lónìí pẹ̀lú ọ̀bẹ. Fáàfù mẹ́ta ló kù. Méjì yọ àwọ̀ ìyeyè dídán. Ti síǹkì pọ́n, mo sì rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ń rún lẹ́bàá ibi tí hóòsì ti wọ̀ ọ́. Irú wo ni kí n rà fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Káfíńtà?

Káfíńtà_Ọkọ̀
Ẹ má rà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi fáíbà dí ihò náà bí mo ṣe wí, kí ẹ fi báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ síǹkì. Fáàfù méjì tó kù, ẹ ya fọ́tò wọn láti tòsí kí ẹ gbé e síbí. Kí ẹ ha ẹ̀yìn wọn náà, kì í ṣe iwájú nìkan.